Kókó Gíga fún Alfhild

Nígbà tí wọ́n sin Torgny Wermelin, ẹni tó dìde sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níbi ìsìnkú ní ẹni tó fẹ́ràn ẹja pípa ni. Díẹ̀ ló kù kí n dìde lórí àga. Torgny kì í pa ẹja. Tábìlì mi àti tirẹ̀ kọjú sí ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ìtẹ̀wé àwọn afọ́jú, lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin ní Hudiksvall, mi ò sì gbọ́ kó mẹ́nu kan ìwọ̀ tàbí àwọ̀n rí. Ọ̀rọ̀ yẹn ń bí mi nínú títí di òní, òun ló sì mú mi jókòó kọ èyí.

Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Tí o bá kí i láàárọ̀, á mi orí. Tí o bá sọ fún un pé yìnyín ti ń bọ́, á wo ojú fèrèsé, á tún mi orí. Siv, tó ń se kọfí fún wa, tó sì ń tún gbogbo ilé ṣe, máa ń sọ pé tí iná bá ń jó ilé, Torgny á jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán ná kó tó wá pè wá. Torgny á gbọ́, á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á sì máa bá búrẹ́dì rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó lórí kunkun ju gbogbo wa lọ, bó bá sì ti pinnu pé nǹkan kan á ṣeé ṣe, kò sí ẹni tó lè yí i lọ́kàn padà.

Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó ń fi odò kó igi gẹdú wálẹ̀ láyé àtijọ́, ìyá rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fi iyọ̀ sí ẹja. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Alfhild ni àkọ́bí. Ibà líle kan ló gba ojú rẹ̀ kí wọ́n tó bí Torgny, wọ́n sì rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní ìsàlẹ̀ orílẹ̀-èdè, ó wá ń wálé nígbà Kérésìmesì àti nígbà ẹ̀rùn. Tó bá ti wálé, á fi ìborùn di àbúrò rẹ̀ lójú, á gbé ìka rẹ̀ lé orí ìwé tó kó bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Ìwé àwọn afọ́jú kò ní tàdáwà. Kókó kéékèèké tó yọ lórí pépà ni, bí wọ́n bá sì ṣe tò ni lẹ́tà ṣe ń jẹ́. Tí Torgny bá ṣi lẹ́tà kan kà, Alfhild á fà á létí. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó ríran kedere ṣe mọ lẹ́tà oníkókó kó tó mọ ti tàdáwà, tí olùkọ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìlú sì rò pé orí rẹ̀ kò pé.

Alfhild padà di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tó ti jáde. Torgny wọ iṣẹ́ ológun ojú omi, ó kọ́ iṣẹ́ wáyà àti rédíò níbẹ̀, ó bọ́ sí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, lẹ́yìn náà ó wá sọ́dọ̀ wa. Kò gbéyàwó. Obìnrin kan wà nígbà kan ní Sundsvall, gbogbo wa mọ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè bó ṣe parí.

Òun ló fa wáyà tó so gbogbo kọ̀ǹpútà wa pọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dé. Wáyà dúdú kan ṣoṣo ni. Bàbà kan wà ní àárín rẹ̀, ike funfun bò ó, àwọ̀n wáyà tínńtín sì tún yí ike náà ká. Ó ń ti ìdí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí ìdí èkejì, bí okùn tí a sá aṣọ sí. Níbi tó bá ti kan kọ̀ǹpútà, Torgny fi irin kékeré oríta mẹ́ta so ó, ní orí àti ní ìdí wáyà náà ló sì ti fi ìdérí irin kan dé e. Wáyà yẹn nìkan ló ń gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Bàbá.

Bàbá ni a ń pe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Tó bá ń ṣiṣẹ́, àwọn ife máa ń gbọ̀n lórí àtẹ Siv. Pépà tó ki ló ń lò, kókó tó bá sì tẹ̀ sí i máa ń ga, ó máa ń le, o lè fi àtẹ́lẹwọ́ mọ̀ ọ́n. Òun ló ń tẹ ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tí a ń fi ránṣẹ́ sí àwọn afọ́jú gbogbo agbègbè wa: ẹni tó kú, ẹni tó fẹ́ ta ilé, ohun tí ìgbìmọ̀ ìlú jà lé lórí. Lẹ́yìn náà a ra ẹ̀rọ tuntun. Ó yára, kò pariwo, pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń jẹ, kókó rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Barbro Stenvall, alága ẹgbẹ́ tó ni ilé ìtẹ̀wé náà, fọwọ́ kàn án, ó ní ó dùn ún kà. Afọ́jú ni Barbro fúnra rẹ̀, ó sì ń fi ìka kàwé yára ju bí mo ṣe ń fi ojú méjèèjì kà á lọ.

Nígbà ẹ̀rùn, àwọn òṣìṣẹ́ kan wá, wọ́n fa wáyà dúdú Torgny tu, wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Wáyà tínńtín mẹ́jọ ló wà nínú ti tuntun, wọ́n lọ́ wọn méjì-méjì mọ́ ara wọn, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀ tó lọ tààrà sí àpótí kan lára ògiri. Ó mọ́ tónítóní. Ẹnu rẹ̀ fẹjú, ó ní igun. Ihò kan ṣoṣo ni Bàbá ní, ihò róbótó fún wáyà dúdú. Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá ti dákẹ́.

"A fẹ́ fi yàrá yẹn ṣe yàrá ìpàdé," ni Barbro wí nígbà tí a ń mu kọfí. "Mi ò bá Bàbá jà o. Tó bá lè máa bá àwọn kọ̀ǹpútà tuntun sọ̀rọ̀ kí ìgbìmọ̀ tó jókòó ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé ọjọ́ ìmọ́tótó, kó dúró síbẹ̀. Tí kò bá lè ṣe é, àwọn tó ń ra irin àlòkù á wá gbé e."

"Á lè ṣe é," ni Torgny wí.

"Torgny, kí lo fẹ́ fi ẹ̀rọ yẹn ṣe gan-an? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ríran, ẹ fẹ́ràn irin àtijọ́. Àwa tí à ń ka ìwé ọ̀hún ò ráhùn."

Torgny mi orí, bí ẹni pé Barbro lè rí i. Èmi wà lẹ́yìn Barbro nínú ọ̀rọ̀ náà. Yàrá ẹ̀yìn ló ní fèrèsé tó dára jù, ìdí ògiri ni mo sì ti ń ká pépà láti ọdún gbọọrọ.

Ọjọ́bọ̀ kan ni ọkọ̀ Torgny kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ó ní kí n gbé òun dé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí Alfhild ń gbé, kí òun lè fún un ní ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀. Mo bá a wọlé. Alfhild jókòó nítòsí fèrèsé, ó na ẹ̀yìn gbọnrangandan bí ẹni tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣì ń wò. Etí rẹ̀ ti di. Etí ọ̀tún nìkan ni èèyàn fi ń bá a sọ̀rọ̀, kó sì sún mọ́ ọn dáadáa, nítorí náà kò lè gbọ́ rédíò tàbí ìwé tí wọ́n kà sínú kásẹ́ẹ̀tì. Lórí àtẹ́ fèrèsé, wọ́n to àwọn ìwé ìròyìn tí ẹ̀rọ tuntun tẹ̀ jọ gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ka ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?" ni Torgny bi í ní etí ọ̀tún.

"Mo ti kà á."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ohun tó máa ń wà níbẹ̀ náà ni. Àwọn kan kú. Àwọn yòókù ń bínú nítorí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ta lo mú wá? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mi ilẹ̀."

Torgny sọ orúkọ mi fún un. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù. Mo wo àwọn ìwé ìròyìn náà. Pépà alẹ̀mọ́ tí mo fi lẹ ẹ̀gbẹ́ wọn pa kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ wa ṣì wà lára wọn. Kò sí èyí tí wọ́n ṣí.

Nínú ọkọ̀ ni Torgny ti sọ̀rọ̀ tó gùn jù lọ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ títí di ìgbà náà.

"Àtọ̀gbẹ ló ń bá a jà," ó ní. "Ó ti pa ìka rẹ̀. Kò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù mọ́. Kókó tuntun yìí, bí ògiri ló ṣe rí fún un. Ti Bàbá nìkan ló ṣì lè kà kí wọ́n tó já wáyà wa."

"Sọ fún Barbro nígbà náà."

"Ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ."

"Kí ló dé?"

"Òun ló kọ́ Barbro ní ìwé," ni Torgny wí. "Barbro wà ní kíláàsì rẹ̀. Ó ní kí Barbro má gbọ́ pé olùkọ́ òun ò lè kàwé mọ́."

Àánú Alfhild ṣe mí, inú sì bí mi sí i, nítorí pé ìgbéraga ni. Obìnrin tí kò rí, tí kò gbọ́, tó wá ku ìka, ìka náà sì ń kú lọ, ó tún ń ṣọ́ iyì tó ní lójú ọmọ kíláàsì rẹ̀ àtijọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mi ò sọ̀rọ̀ fèrèsé mọ́.

Torgny wá ohun tó lè so wáyà méjèèjì pọ̀ kiri. Ilé ìtajà sọ fún un pé kò sẹ́ni tó ń béèrè irú rẹ̀ mọ́. Níkẹyìn ó rí i ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kó ẹrù àtijọ́ dànù: àpótí irin pẹlẹbẹ kan tí ihò onígun fún wáyà tuntun tò sí iwájú rẹ̀, tí ihò róbótó kan ṣoṣo sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ fún wáyà dúdú. Ohun tó bá gbọ́ ní ojú kan ló ń tún sọ ní ojú kejì. Ó ń falẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n àpótí ara ògiri gbà láti rọra fún un. Nígbà tí wọ́n ń fa wáyà dúdú tu, Torgny ti gé ìwọ̀n ọ̀pá kan pamọ́ lára rẹ̀ pẹ̀lú irin oríta méjì àti ìdérí méjì. Ó fi wáyà tuntun so àpótí náà mọ́ ògiri, ó fi wáyà dúdú so ó mọ́ Bàbá, ó fi irin oríta sí ìpẹ̀kun méjèèjì, ó dé wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó tẹ bọ́tìnnì kan ní tábìlì rẹ̀. Nǹkan kan kọ́kọ́ kùn ní yàrá ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà àwọn ife Siv bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Siv ní, "Ó ti jí, ọlọ́run àwọn aláriwo." Torgny dìde. Ó lọ mú pépà náà, ó di ojú, ó fi ìka kà á, lẹ́yìn náà ó jókòó, ó sì rántí kọfí rẹ̀ tó ti tutù.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ ìmọ́tótó. Lẹ́ẹ̀kan ní ìgbà ìwọ́wé, gbogbo wa máa ń wá, pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti aládùúgbò, a ó gbá ewé, a ó nu fèrèsé, a ó ṣa ohun tí kò wúlò, a ó wá jẹ sọ́sééjì níta. Siv ló ń darí. Ní ti ṣíṣa ìdọ̀tí sọ́tọ̀, Siv kò gba gbẹ̀rẹ́. Ìgò funfun sínú funfun, ìgò aláwọ̀ sínú aláwọ̀, pépà sínú pépà, irin sínú irin. Ó ti fa àpò tíì kékeré kan ya lọ́wọ́ mi rí nítorí pé irin kékeré kan wà lára okùn rẹ̀. Gbogbo wa yìn ín lọ́jọ́ náà pé ilé mọ́. Torgny kò sí níbẹ̀, ọ̀dọ̀ Alfhild ló lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ìgbìmọ̀ jókòó sí yàrá ẹ̀yìn yí Bàbá ká, pẹ̀lú búrẹ́dì dídùn lórí itan wọn. Torgny wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì. A dúró. Ó tún un tẹ̀. Ẹnìkan mu kọfí, a sì gbọ́ bó ṣe gbé e mì.

"Ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì," ni Siv wí. "Àwo mi ń jó."

"Mo gbà," ni Barbro wí pẹ̀lẹ́. "Torgny, o ti gbìyànjú. A kì í sọ pé kéèyàn má gbìyànjú."

Torgny wo àpótí àlòkù tó gbé wá. Mo rí i lójú rẹ̀ pé òun gan-an rò pé àpótí náà ti kú. Ó fọwọ́ kàn án, ó gbá a lórí. Àwọn ìgbìmọ̀ ti ń dìde. Barbro ti na ọ̀pá rẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà.

"Alfhild ò lè kà á," ni Torgny wí.

Barbro dúró. "Alfhild wo?"

"Olùkọ́ rẹ. Ìka rẹ̀ ti kú. Ìwé ọ̀sẹ̀ tí à ń fi ránṣẹ́, kò ṣí i láti ìgbà ẹ̀rùn. Ó ní kí n má sọ fún ọ."

Ojú Barbro kò yí padà, ṣùgbọ́n ó jọ̀wọ́ ilẹ̀kùn. Ó padà wá, ó wá àga tó kúrò lórí rẹ̀, ó jókòó.

"Kí lo wá ń dúró wò?" ó ní. "Tún un ṣe. Mi ò lọ síbì kankan."

Torgny kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ̀ lé wáyà láti ìdí àpótí dé ìdí Bàbá. Nígbà tó kan irin oríta tó wà lẹ́yìn Bàbá, ó dáwọ́ dúró.

"Ta ló yọ ìdérí tó wà níbí?"

Siv ló wá sọ̀rọ̀.

"Èyí tí kò dé nǹkan kan?"

"Òun."

"Mo wò ó dáadáa o," ni Siv wí. "Ojú kan oríta yẹn so mọ́ ẹ̀rọ, ìkejì so mọ́ wáyà, ìkẹta, afẹ́fẹ́ lásán. Kí ni wọ́n ń dé? Irin sì ni. Mo kó o sínú àpótí irin, ọkọ̀ wọn sì ti wá gbé e láàárọ̀ yìí."

Èmi ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Torgny pàápàá rẹ́rìn-ín, níbi tó kúnlẹ̀ sí. Ó wá ṣàlàyé fún wa. Ọ̀rọ̀ tó bá rin wáyà dúdú dé òpin, tí kò sì bá ìdérí, kì í kú síbẹ̀. Ńṣe ló máa ń ṣẹ́rí padà, á wá kọlu ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di ariwo, kò sì sí ẹ̀rọ tó máa gbọ́ nǹkan kan. Ìdérí yẹn ló ń gbé ọ̀rọ̀ mì.

"O ò bá kọ ọ́ sí i lára," ni Siv wí. Ojú ti tì í. "O ò bá kọ ọ́ sí i pé 'Siv, má fọwọ́ kàn án.'"

Wọn kò ta ìdérí náà níbì kankan mọ́. Torgny tú rédíò kan tó ti bàjẹ́, ó yọ ohun kékeré méjì tó ń dí iná lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ó fi òjé jó wọn pọ̀ sínú ẹnu wáyà àtijọ́ kan, ó sì dé e mọ́ oríta náà. Barbro jókòó ti òórùn òjé náà títí tó fi parí. Nígbà tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lu, ó na ọwọ́ gba pépà àkọ́kọ́, ó fi ìka rìn lórí rẹ̀.

"Mo ti gbàgbé bó ṣe ga tó," ó ní.

Ọjọ́bọ̀ yẹn, àwa mẹ́ta la lọ. Èmi ni mo wa ọkọ̀. Torgny kó ìwé ìròyìn tí Bàbá tẹ̀ sábẹ́ abíyá, Barbro sì di apá mi mú. Torgny sún mọ́ etí ọ̀tún Alfhild, ó sọ fún un ẹni tó wà níbẹ̀.

"O sọ fún un," ni Alfhild wí.

"Mo sọ fún un, ẹ̀gbọ́n."

Alfhild kò bínú, tàbí kó jẹ́ pé kò fi hàn. Ó na ọwọ́ fún ìwé náà. Ó gbé e lé orí ẹsẹ̀, ó tọ́ ọ, ó sì fi ìka méjèèjì rìn lórí ìlà àkọ́kọ́, láti òsì sí ọ̀tún, bó ṣe ti ń ṣe é láti kékeré. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún rìn ín. Ó tẹ ìka mọ́lẹ̀ títí èékánná rẹ̀ fi funfun.

"Bàbá ló tẹ̀ ẹ́," ni Torgny wí.

"Mo mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀," ni Alfhild wí. "Mo kàn mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ ni."

Torgny tó fi ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ wá àpótí kiri, tó tú rédíò, tó dalẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dúró láàárín yàrá náà, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Oṣù díẹ̀ ni wáyà yẹn fi wà ní jíjá, ìka Alfhild kò sì dúró dè é. Mo wo ibòmíràn.

Barbro jọ̀wọ́ apá mi. Ó fi ọwọ́ wá àga Alfhild, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí etí rẹ̀.

"Olùkọ́," ó ní, "ẹ gbé e sí ètè."

Alfhild di ìwé náà mú lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ètè ò tíì kú. Ẹ gbé e sí ètè ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ rọra fà á."

"Mo nà ọ́ nítorí ìyẹn," ni Alfhild wí.

"Ẹ nà mí. Ẹ ní ẹranko ló ń fi ẹnu wá nǹkan."

"Ó ń ba ìwé jẹ́. Ìwé ò pọ̀ nígbà yẹn."

"Ọwọ́ mi ló tutù, Olùkọ́. Òtútù yẹn pọ̀, mi ò mọ nǹkan tí mo ń fọwọ́ kàn."

"O ò sọ fún mi pé ọwọ́ rẹ tutù."

"Mo sọ fún yín," ni Barbro wí.

Alfhild wá ọwọ́ Barbro, ó rí i, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí kò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù bò ó. Lẹ́yìn náà ó fi í sílẹ̀. Ó yí àga rẹ̀ sí fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wa, ó gbé pépà náà sókè. Orí rẹ̀ ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀.

"Hud," ó ní. "Hudiks. Hudiksvall." Ó dúró. "Ẹ jáde."

A jáde. A dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, a gbọ́ ọ tó ń kà á sókè, pẹ̀lú ohùn ńlá tí àwọn tí etí wọn ti di fi ń sọ̀rọ̀, bí ó ti ń já ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́: ẹni tó kú, ìlú tó kú sí, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sin ín. Torgny gbé iwájú orí lé ògiri. Ó ń sunkún, kò sì gbìyànjú láti fi í pamọ́.

Bàbá dúró sí yàrá ẹ̀yìn. Ìgbìmọ̀ ń ṣèpàdé sí ibi tí a ti ń mu kọfí, mo sì ń ká pépà nídìí ògiri. Ní Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, Torgny á tẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo, á gbé e lọ, á sì gbé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá bọ̀. Èyí tó gbé bọ̀ kò ṣeé kà mọ́. Omi ètè ti rọ pépà náà, kókó rẹ̀ ti tẹ́. Ti ẹ̀rọ tuntun ì bá ti tẹ́ kí wọ́n tó ka ìlà kan tán. Ti Bàbá ń dúró de kíkà ẹ̀ẹ̀kan péré, ìyẹn sì tó. Alfhild mọ ohun tó ń lọ nílùú ju èmi lọ ní òtútù ọdún náà. Ó ránṣẹ́ sí wa pé ìgbìmọ̀ ìlú ò lọ́gbọ́n lórí, pé a tún ṣi orúkọ ẹbí kan tẹ̀, pé kí Torgny gbé etí rẹ̀ wá kí òun fà á.

Ó kú kí ọdún Àjíǹde tó dé, lórí àga rẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Èmi àti Siv bá Torgny lọ palẹ̀ yàrá náà mọ́. Ẹrù kò pọ̀. Siv mú àpò rẹ̀ wá, ọ̀kan fún aṣọ, ọ̀kan fún pépà, ó ń ṣe é jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìwé ìròyìn tó kẹ́yìn wà lórí àtẹ́ fèrèsé.

Torgny jókòó sórí ibùsùn, ó di ojú, ó fi ìka wo ojú ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ti tẹ́. Èkejì ti tẹ́. Àwọn òkú, ti tẹ́ pátápátá. Ní ojú ìwé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ afárá tí wọ́n fẹ́ tún ṣe létí omi, ìka rẹ̀ rìn dé àárín, ó sì dúró. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo kókó náà wà ní ìdúró.

Ó pín ìwé náà sí méjì. Èyí tí kókó rẹ̀ ṣì dúró, ó nà án sí mi. Ó ní kí n dì í mọ́ èyí tó kù ní ilé iṣẹ́, ẹlòmíràn lè kà á. Èyí tó ti tẹ́, ó ká a, ó fi sínú aṣọ òtútù rẹ̀.

Siv ti ṣí àpò pépà. "Torgny," ó ní, "kò sí nǹkan kan lórí àwọn yẹn mọ́."

"Mo mọ̀," ni Torgny wí. "Ó ti kà wọ́n."